Ìrìn jẹ́jẹ́ ń mú ṣúgà mi wálẹ̀, àtẹ̀gùn gbé e sókè. Kí ló dé?

Olóyún-Kejì:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ìyá. Oyún mi pé ọ̀sẹ̀ 29. Ní ọ̀sẹ̀ 26 ni wọ́n fún mi ní omi ṣúgà mu, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ní mo ti ní àtọ̀gbẹ inú oyún. Dókítà ní kí n máa ṣe eré ìdárayá, kí n sì máa gún ìka lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé bí akápò ẹgbẹ́, ohun tí mo wá rí níbẹ̀ rú mi lójú.

Bí mo bá jẹun alẹ́ tán tí mo jókòó, lẹ́yìn wákàtí kan 155 tàbí 158 ni mo máa ń rí. Bí mo bá rìn fún ìṣẹ́jú 15, ó máa ń jẹ́ 126, nígbà míì 121. Inú mi dùn! Ni mo bá ní kí n ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Sátidé, mo sáré gun àtẹ̀gùn ilé wa lọ sókè sódò fún ìṣẹ́jú 20, ọ̀sán ni, n kò tíì jẹun. 97 ni mo wà kí n tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo ṣe tán, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ̀rọ ní 124. Mo fọwọ́, mo gún ìka míì: 122. Mi ò fi nǹkan kan kan ẹnu o! Ibo ni ṣúgà yẹn ti wá?

Ti òwúrọ̀ sì nìyí: 99, 101, 98 kí n tó jẹun, bí mo rìn, bí mi ò rìn. Àbí mo kàn ń da ẹsẹ̀ ara mi láàmú ni?

Agbẹ̀bí-tó-fẹ̀yìntì:
Àbúrò mi, inú ẹ̀dọ̀ rẹ ló ti wá. Ẹ̀dọ̀ máa ń kó ṣúgà pamọ́. Bí o bá sáré débi tí èémí ń já, ara á tú adrenaline, họ́mónù ìdágìrì, sínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn á ní kí ẹ̀dọ̀ kó ìpamọ́ jáde, ó sì lè kó o jáde ju èyí tí ẹsẹ̀ rẹ lè lò lọ. Ìrìn jẹ́jẹ́ kì í bá a débẹ̀.

Iṣan itan tó bá ń ṣiṣẹ́ máa ń gba ṣúgà wọlé fúnra rẹ̀, kì í dúró de ínsúlínì, họ́mónù tó ń jẹ́ kí ara gba ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí o nílò gan-an nìyẹn, torí ibi ọmọ ló ń dí ínsúlínì rẹ lọ́wọ́. Ó ń tú họ́mónù kan jáde tí wọ́n ń pè ní placental lactogen, kí ara ìyá má baà tètè gbé gbogbo ṣúgà, kó lè kù fún ọmọ. Họ́mónù méjì míì, progesterone àti cortisol, ń tì í lẹ́yìn. Tó bá fi máa di oṣù tó kẹ́yìn, agbára ínsúlínì lè ti dín kù tó ìdajì. Ìyá tí ara rẹ̀ bá rí ínsúlínì púpọ̀ sí i pèsè kò tilẹ̀ ní mọ̀.

Ní òru, o kò jẹun, ẹ̀dọ̀ nìkan ló ń bọ́ ẹ̀yin méjèèjì, cortisol sì máa ń ga kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìrìn alẹ́ kì í sábà kápá ìyẹn. Kò yẹ kí ti òwúrọ̀ tó 95, nítorí náà gbé ìwé rẹ lọ bá dókítà lọ́sẹ̀ yìí. Bí wọ́n bá ní kí o gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì, gbà á. Kì í ṣe pé o ya ọ̀lẹ.

Ìyá-Mẹ́ta:
Ẹ ṣé, Màmá. Olóyún-Kejì, ẹ má fi ebi gun àtẹ̀gùn mọ́ o. Nínú oyún mi kejì, mo lọ wẹ odò kí n tó jẹun àárọ̀. Tèmi ò ga, ńṣe ló já: ojú mi ṣú, ẹ̀rọ ní 58. Ebi tètè máa ń mú ṣúgà aláboyún já ju ti ẹlòmíì lọ. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni àjọ WHO ní kí a ṣe. Ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn oúnjẹ mẹ́ta lóòjọ́ ti ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ, kí lẹ tún ń wá lórí àtẹ̀gùn? Bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ó ti tó. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi, tàbí tí òòyì kọ́ yín, ẹ dúró, kí ẹ pe ilé ìwòsàn.

Olóyún-Kejì:
Mo dúpẹ́ o. Dókítà ti fi mí sórí ínsúlínì díẹ̀ lálẹ́, àárọ̀ yìí 91 ni. Mo ṣì ń rìn lẹ́yìn oúnjẹ. Ọkọ mi tó ń bá mi rìn ló wá ń ṣàròyé orúnkún.