Èèpo ẹ̀gẹ́ àti omi jáàkì ní ibùdó gàrí wa: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Olùbéèrè, Òdógbolú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwa obìnrin tí à ń ṣe gàrí ní ibùdó kan ní Òdógbolú la ní ìbéèrè. Ẹ̀gẹ́ tí à ń lọ̀ lọ́sẹ̀ tó tọ́ọ̀nù méjì. Ẹ̀yìn ilé ẹ̀rọ la ń da èèpo sí, ó ti di òkìtì; bí òjò bá rọ̀ sí i, òórùn rẹ̀ ń gba àdúgbò kan, eṣinṣin ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó. Omi tó ń jáde lábẹ́ jáàkì ń gba gọ́tà lọ sísàlẹ̀, níbi tí kànga àwọn aládùúgbò wà. Inú ń bí wọn, wọn ò sì jẹ̀bi. Gàrí Ìjẹ̀bú là ń ṣe, ẹ̀gẹ́ wa ń sùn tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó kan bó ṣe yẹ, nítorí náà omi rẹ̀ kan gan-an.

Àwọn kan ní ká máa sun èèpo náà. Àwọn kan ní ká kó o fún àwọn ẹléwúrẹ́. Owó ọwọ́ wa ò pọ̀. Kí la lè fi èèpo ṣe, kí la lè ṣe sí omi, èwo ni ká kọ́kọ́ mú nínú méjèèjì?

Oníṣẹ́ ilẹ̀, Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ kú làálàá, ẹ̀yin ìyá wa. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Èèpo ń rùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ bá dà á sí ló máa wà. Omi kì í dúró. Iyanrìn ló pọ̀ nínú ilẹ̀ apá ibẹ̀ yẹn, iyanrìn kì í sì í di omi mú. Ohun tí ẹ bá dà sílẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá omi kànga ni. Sáyánáìdì, májèlé tó wà nínú ẹ̀gẹ́, wà nínú omi jáàkì. Sítáàṣì àti ṣúgà inú rẹ̀ tún pọ̀ débi pé bó bá dé odò, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ẹ́ á lo gbogbo afẹ́fẹ́ inú omi tán, ẹja á kú. Ewúrẹ́ tó bá mu ún ní tútù náà lè kú.

Tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ kan máa ń mú bíi 250 sí 300 lítà omi wá lábẹ́ jáàkì. Ti yín á tó 600 lítà lọ́sẹ̀, láìka omi tí ẹ fi fọ ẹ̀gẹ́. Ẹ ya omi ìfọ̀ sọ́tọ̀: erùpẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò le tó ti jáàkì, ẹ lè darí rẹ̀ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bí ẹ bá da méjèèjì pọ̀, ẹ kàn ń sọ iṣẹ́ kan di méjì ni.

Fún ti jáàkì, ẹ fi búlọ́ọ̀kù mọ kòtò olójú mẹ́ta, kí ojú kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mítà kan, kó gùn ní mítà kan, kó sì jìn ní mítà kan. Ojú kan á gba 1,000 lítà. Ẹ fi sìmẹ́ńtì rẹ́ inú rẹ̀ tìsàlẹ̀tìsàlẹ̀. Kòtò tí ẹ kò bá rẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, inú kànga náà ni omi rẹ̀ ń lọ. Páìpù tó so ojú kìíní mọ́ èkejì kò gbọdọ̀ wà nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fi bíi sẹ̀ǹtímítà 15 rẹlẹ̀ sí etí òkè, kí sítáàṣì lè silẹ̀, kó jẹ́ omi tó ti tòrò nìkan ló ń kọjá. Ẹ jẹ́ kí omi sùn mọ́jú ní ojú kìíní. Ibẹ̀ lẹ ó ti máa kó sítáàṣì: ẹ gbọ́n omi orí rẹ̀ kúrò, ẹ bu omi mímọ́ sí i, ẹ rò ó, ẹ jẹ́ kó tún silẹ̀; ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó sá a sóòrùn. Bó bá pẹ́ nínú kòtò, àwọ̀ rẹ̀ á yí, òórùn rẹ̀ ò sì ní í lọ mọ́ bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó.

Omi kíkan máa ń jẹ sìmẹ́ńtì díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ẹ máa yẹ ara kòtò wò lọ́dọọdún, kí ẹ tún ibi tó bá ti ń ṣí rẹ́. Bí owó kòtò kò bá tíì sí, dúrọ́ọ̀mù oníke mẹ́ta tó ń gba 200 lítà ti tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má lo ti irin: á dípẹtà, ìpẹtà náà á sì ba àwọ̀ sítáàṣì jẹ́. Ẹ má dé e pa, afẹ́fẹ́ ló ń gbé sáyánáìdì lọ. Àwọ̀n ẹ̀fọn ni kí ẹ fi bò ó, kí ẹ sì ṣe ọgbà yí i ká nítorí ọmọdé àti ẹran. Ó kéré tán, kó jìn sí kànga tó 30 mítà, kó sì wà ní ìsàlẹ̀ ibi tí kànga wà, kì í ṣe ní òkè rẹ̀.

Ẹléwúrẹ́, Ìpẹ̀rù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sun èèpo. Omi kó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta èèpo tútù, kò ní jó. Èéfín ni yóò máa rú láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ tún wo ohun tí wọ́n ní kẹ́ ẹ sun: nínú tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ kan, èèpo àti ìdí rẹ̀ tí ẹ gé sọnù máa ń tó 200 sí 300 kìlò. Gàrí tí ẹ ó rí nínú tọ́ọ̀nù yẹn náà, agbára káká ni yóò fi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má kó o fún ewúrẹ́ ní tútù. Sáyánáìdì pọ̀ nínú èèpo ju inú ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Sísá a lódindi náà ní ewu tirẹ̀: lẹ́ẹ̀rùn, ó ń gba ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, lásìkò òjò, kí ó tó gbẹ ni yóò ti bu. Èyí tó bá ti bu lè ní aflatoxin, májèlé tí bíbu ń mú wá, ìyẹn sì ń ba ẹ̀dọ̀ ẹran jẹ́.

Ọ̀nà kan wà tí àwọn onímọ̀ ILRI (ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn àgbáyé) àti IITA (ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ilẹ̀ olóoru) ní Ìbàdàn là sílẹ̀, ẹ̀rọ tí ẹ ti ní náà ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọjọ́ tí ẹ bá bẹ ẹ̀gẹ́ gan-an ni kí ẹ lọ èèpo rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó sùn. Ẹ kọ́kọ́ ṣa òkúta, igi àti okùn àpò kúrò, torí òkúta kan ṣoṣo lè ba ojú ẹ̀rọ jẹ́. Ẹ lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kó kúná. Ibí ni gbogbo iṣẹ́ náà wà: èròjà tó ń tú sáyánáìdì sílẹ̀ kì í pàdé èyí tí sáyánáìdì so mọ́ àfi bí ara èèpo bá fọ́, bí wọ́n bá ti pàdé, sáyánáìdì á bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ rọ ọ́ sápò, ẹ fi jáàkì fún un, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú nínú àpò náà. Omi tó bá jáde lára rẹ̀, inú kòtò tí wọ́n wí lókè yẹn ni kó lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ fọ́ ọ kúnná, ẹ fi asẹ́ jọ̀ ọ́, ẹ tẹ́ ẹ sórí tapólìn kó má nípọn ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, kí ẹ sì máa yí i ní wákàtí wákàtí. Oòrùn tó mú dáadáa á gbẹ ẹ́ láàárín wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹ fún un lọ́wọ́ wò: bó bá ṣù pọ̀, kò tíì gbẹ. Omi inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 12 nínú 100 lọ kí ẹ tó dì í, kí àpò sì wà lórí pákó, kó má kan ilẹ̀. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù ń di nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan gbígbẹ. Èyí tó kúná ni ti ẹlẹ́dẹ̀ àti adìyẹ, èyí tó rí hóró hóró ni ti ewúrẹ́ àti àgùntàn.

Ẹ sọ òótọ́ fún ẹni tó bá ń rà á: agbára ló wà nínú rẹ̀, purotéènì rẹ̀ kéré, bí ìdá márùn-ún nínú 100 péré. Ewúrẹ́ tó bá ń jẹ òun nìkan á rù. Kí wọ́n máa fún un ní ewé agúnmánìyè pẹ̀lú rẹ̀.

Alájílẹ̀, Ìjẹ̀bú-Igbó

Mo fara mọ́ ti Ìpẹ̀rù, àfi pé òkìtì àtijọ́ tó ti jẹrà yẹn kò ṣe é fún ẹran mọ́ rárá. Ajílẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe.

Ẹ wọn bárò mẹ́ta èèpo, bárò kan ìgbẹ́ adìyẹ gbígbẹ, bárò kan ewé gbígbẹ tàbí èèpo kòkó tí ẹ ti gé wẹ́wẹ́. Ẹ tò wọ́n ní ìpele ìpele títí yóò fi ga tó mítà kan àti díẹ̀, kó fẹ̀ tó mítà kan àbọ̀. Gígùn rẹ̀ kò ní òdiwọ̀n. Òkìtì tí kò bá ga tó mítà kan kì í gbóná, èyí tí kò bá sì gbóná kò ní pa èso koríko àti ìdin eṣinṣin. Ẹ wọ́n omi sí i níwọ̀nba: bí ẹ bá fún ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ̀kán omi kan tàbí méjì ni kó jáde. Ẹ ti ọ̀pá irin bọ àárín rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta sí ìkẹrin, bí ẹ bá fa ọ̀pá náà yọ, ọwọ́ kò gbọdọ̀ lè dúró lára rẹ̀ pẹ́. Ẹ yí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù kan, lẹ́yìn náà lọ́sẹ̀ méjì méjì. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sí méjìlá kó tó dúdú, kó sì máa rùn bí ilẹ̀ igbó.

Bó bá ń rùn bí ohun tó jẹrà, omi ti pọ̀ jù, ẹ yí i kí ẹ fi ewé gbígbẹ kún un. Bí òórùn rẹ̀ bá ń ta ojú àti imú, ìgbẹ́ adìyẹ ló pọ̀ jù. Bí kò bá gbóná rárá, ó gbẹ jù tàbí ìgbẹ́ rẹ̀ kéré. Ẹ da tapólìn bò ó lásìkò òjò, nítorí òjò á fọ ọ̀rá rẹ̀ lọ. Kìlò méjì sí mítà kan níbùú lóòró ti tó fún ẹ̀bẹ̀ ẹ̀fọ́. Ẹ lè da eérú ààrò yín mọ́ ọn látìbẹ̀rẹ̀, kó pa kíkan rẹ̀.

Oníṣẹ́ ilẹ̀, Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ti eérú látìbẹ̀rẹ̀ yẹn kò yẹ. Bí eérú bá kan ìgbẹ́ adìyẹ tí omi ti wọ̀, ó ń lé náítírójìn inú rẹ̀ jáde bí afẹ́fẹ́ tó ń ta imú ni, náítírójìn yẹn gan-an la sì tìtorí rẹ̀ wá ìgbẹ́ adìyẹ. Òkìtì máa ń borí kíkan ara rẹ̀ bó bá ti gbóná. Kí wọ́n fi eérú pamọ́ di ìgbà tó bá ti tutù, kí wọ́n wá pò ó pọ̀, bíi kóńgò kan sí bárò mẹ́wàá.

Alájílẹ̀, Ìjẹ̀bú-Igbó

Òótọ́ ni. Kí wọ́n tẹ̀lé ti àbúrò mi.

Olùbéèrè, Òdógbolú

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Ó ku mẹ́ta. Oòrùn wákàtí mẹ́fà ṣòro láti rí níbí ní oṣù kẹfà àti ìkeje. Ẹnìkan tún ní a lè fi omi jáàkì ṣe gáàsì tí a ó fi máa yan gàrí. Omi tó bá wá dé ojú kẹta kòtò ńkọ́, ibo ló ń gbà lọ?

Ẹléwúrẹ́, Ìpẹ̀rù

Lásìkò òjò, ẹ yan án bí gàrí. Bí ẹ bá ti yan gàrí tán, tí iná ti rọlẹ̀ ṣùgbọ́n tí agbada ṣì gbóná, ẹ da èèpo tí ẹ ti jọ̀ sí i, ẹ máa rò ó láìdúró. Kò gbọdọ̀ jóná. Bí ìyẹn bá pọ̀ jù fún yín, ẹ ta èyí tí ẹ fi jáàkì fún ní tútù fún ọlọ́sìn ẹlẹ́dẹ̀ tó wà nítòsí, kó má pẹ́ lọ́wọ́ yín.

Aṣe-gáàsì, Ṣàgámù

Ẹ má tíì náwó lé gáàsì. Kòkòrò tó ń ṣe gáàsì kò fara da kíkan. Omi jáàkì bí ẹ ṣe ń rí i yẹn á pa wọ́n. Ìgbẹ́ màlúù láti ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ìgbẹ́ kan sí omi kan, kí omi ẹ̀gẹ́ wá máa wọlé díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí gáàsì bá ti ń jó dáadáa. Ẹ tún wo ìṣirò rẹ̀: táńkì 1,000 lítà ń gba bíi 25 lítà àpòpọ̀ lójúmọ́, ìdajì rẹ̀ ni ìgbẹ́. Kìlò ìgbẹ́ màlúù kan ń mú bíi 40 lítà gáàsì wá, nítorí náà ẹ ó rí bíi 500 lítà. Ìyẹn á gbé ojú sítóòfù kan fún wákàtí kan sí méjì. Ó tó fi se ọbẹ̀, kò tó yan gàrí. Bí ẹ bá fẹ́ dín igi kù, ẹ mọ ààrò yín ká kó má ṣí sílẹ̀, kí ẹ sì fi ihò èéfín sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyẹn rọrùn ju gáàsì lọ, ojú ẹni tó ń yan á sì sinmi èéfín.

Oníṣẹ́ ilẹ̀, Àgọ́-Ìwòyè

Omi ojú kẹta: ẹ jẹ́ kó ṣe bí ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀, kí oòrùn àti afẹ́fẹ́ máa kàn án. Lẹ́yìn náà ẹ fi omi lásán tó pọ̀ tó o là á, kí ẹ dà á sí ilẹ̀ tí ẹ kò tíì gbin nǹkan sí. Ní Bràsíìlì, wọ́n ń lo omi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi omi là báyìí láti pa aràn tó ń jẹ gbòǹgbò nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó gbìn. Ẹ fún ilẹ̀ náà ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ro ó, kí ẹ tó gbin àgbàdo tàbí ẹ̀fọ́ sí i. Ẹ máa yí ibi tí ẹ ń dà á sí padà, kí ojú kan má gbà á léraléra, torí kíkan rẹ̀ á ba ilẹ̀ jẹ́. Kò gbọdọ̀ kan ìdí ohun ọ̀gbìn tó wà láàyè bí ẹ kò bá tíì là á. Ohun tí wọ́n ń fi pa koríko ni bó ṣe wà yẹn.