Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: tíkẹ́ẹ̀tì màmá mi lọ sí Manchester, èyí tó pọ́ọ́kú àbí èyí tó wọ́n?

Ọmọ Agbeni

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan lọ̀ yín kí n tó sanwó.

Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Manchester ń retí ọmọ, màmá wa ló sì fẹ́ lọ bá a gbọ́mọ. Físà ti jáde. Màmá ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún dáadáa, orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Òyìnbó. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo rí. Ọ̀kan gba Doha ní Qatar, tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo láti Èkó dé Manchester. Èkejì, ejẹ́ńtì kan ní òun á ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ méjì: màmá á sọ̀ ní Istanbul, wọ́n á gba ẹrù wọn, wọ́n á tún lọ to ìlà láti wọ òmíràn. Èyí fi nǹkan bíi ₦380,000 dín sí ti Doha. Ẹ̀kẹta ni bàálù tó lọ London tààrà, kí ọkọ àbúrò mi wá pàdé wọn níbẹ̀. Òun ló wọ́n jù.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ìròyìn ogun tí à ń gbọ́ lójoojúmọ́. Mo rántí oṣù Kẹfà 2025 tí Qatar ti ojú òfurufú rẹ̀ pa lálẹ́ ọjọ́ kan, tí àwọn bàálù tó ń lọ síbẹ̀ ní láti yà síbòmíràn. Ejẹ́ńtì ní kí n sanwó kíá torí pé dọ́là lè tún gbéra. Tí wọ́n bá wá fagi lé e ńkọ́? Ta ni màá bá gba owó mi? Wọ́n sì kọ ọ́ sára èyí tó pọ́ọ́kú yẹn gàdàgbà pé owó rẹ̀ kò ṣeé gbà padà.

Ìyá Bódìjà

A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o. Àṣẹ.

Ti Istanbul yẹn, ẹ má tiẹ̀ jẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ́. Ṣé màmá tí orúnkún ń dùn ló máa máa wọ́ báàgì méjì kiri pápákọ̀ tó tóbi bí ìlú, tí wọn ò sì gbọ́ èdè?

Àmọ́ ohun kan wà tí ẹ ò béèrè. Ọmọ tuntun kì í wo kàlẹ́ńdà. Ó lè tètè dé, ó lè pẹ́, wọ́n sì lè ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá rẹ̀ kí màmá ní àwọn ò ì tí ì lè padà wálé. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè bóyá owó ṣeé gbà padà, ẹ béèrè iye tí wọ́n máa gbà láti yí ọjọ́ padà. Lórí èyí tó pọ́ọ́kú jù, ó lè má ṣeé yí rárá, tàbí kí owó ìyípadà gbé gbogbo ohun tí ẹ rò pé ẹ jèrè lọ. Èyí tó tẹ̀ lé e lókè ni mo máa ń rà fún àgbàlagbà.

Akẹ́kọ̀ọ́ UI

Ẹ̀gbọ́n, tíkẹ́ẹ̀tì méjì kì í ṣe ohun burúkú fún ẹni tí ara rẹ̀ ṣì le tó gbé báàgì kan sẹ́yìn. Báyẹn ni èmi ṣe ń lọ. Ti màmá ni mi ò fọwọ́ sí. Bàálù àkọ́kọ́ lè pẹ́, kí ìkejì lọ. Wọn ò jẹ wọ́n ní nǹkan kan, torí lójú ilé iṣẹ́ kejì, màmá ni kò yọjú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kí wọ́n tó lè jáde lọ gba ẹrù ní Istanbul, ilẹ̀ Turkey ni wọ́n ń wọ̀ yẹn, ó ń fẹ́ físà tirẹ̀. Ṣé ejẹ́ńtì yín sọ ìyẹn fún yín?

Ẹ lọ sórí Google Flights, ẹ tẹ ọjọ́ tí ẹ fẹ́, kí ẹ ní kí ó máa fi ímeèlì ránṣẹ́ sí yín tí owó bá wálẹ̀. Tí ẹ bá ti rí èyí tó wù yín, ẹ lọ rà á lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ bàálù fúnra wọn. Lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé, ẹnì kan ṣoṣo lẹ máa bá sọ̀rọ̀. Káàdì ni kí ẹ fi san án, ẹ má ṣe tránsífà. Ti káàdì, ẹ ṣì lè ní kí báńkì bá yín lé owó náà.

Ejẹ́ńtì Dùgbẹ̀

Ẹ má fi gbogbo wa wé ara o. Ẹni tó lọ́fíìsì, tó wà nínú NANTA, ẹgbẹ́ àwa ejẹ́ńtì ìrìn àjò ní Nàìjíríà, tó gba ìwé àṣẹ IATA, àjọ àwọn ilé iṣẹ́ bàálù àgbáyé, kì í sá fún oníbàárà. Lóòótọ́, tí ẹ bá rà á lọ́wọ́ wa, ọ̀dọ̀ wa náà ni ilé iṣẹ́ bàálù máa ní kí ẹ padà sí fún owó yín, àwa náà sì ń retí tiwọn. Ìyẹn ló ń fà á tó fi ń pẹ́. Mi ò lè purọ́ síyẹn.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan hàn yín. Tí ẹnikẹ́ni bá fi ìwé ránṣẹ́ pé òun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ wò ó dáadáa. Lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́fà tí ẹ máa rí lókè, ìyẹn PNR, kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ẹni fi gèlè gba àga sílẹ̀ lóde àríyá ni: tí olóde bá dé, á gbé gèlè kúrò. Nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì gan-an jẹ́ 13, mẹ́ta tó ṣíwájú ló ń sọ ilé iṣẹ́ tó ni ín. 157 ni ti Qatar Airways, 125 ni ti British Airways, 071 ni ti Ethiopian. Tí ẹ ò bá rí i, owó yín ṣì wà lápò ẹnì kan nìyẹn. Ẹ mú PNR yẹn lọ sórí ìkànnì ilé iṣẹ́ náà fúnra yín, kí ẹ wò ó bóyá orúkọ màmá wà níbẹ̀ bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù.

Ọ̀rọ̀ dọ́là tí ejẹ́ńtì yín sọ, kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ní 2022, nígbà tí owó àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun há sí Nàìjíríà, wọ́n gbé àwọn tíkẹ́ẹ̀tì olówó kékeré kúrò níwájú wa, Emirates tiẹ̀ dá iṣẹ́ dúró, wọn ò padà wá títí di oṣù Kẹwàá 2024. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lé yín pé ẹ sanwó láàárín wákàtí kan láì tíì fi ìlànà tíkẹ́ẹ̀tì hàn yín, ẹ fura sí i.

Lọ́yà Ìyágankú

Ibi tí bàálù ti gbéra, ibi tó ń lọ, àti ẹni tó ni ín, àwọn ló ń sọ òfin tó máa gbè yín. Ibi tí ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì kò kàn án.

Bàálù tó bá gbéra ní Nàìjíríà, Apá 19 nínú ìlànà NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù ní Nàìjíríà, ló ń dáàbò bo èrò inú rẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ fagi lé ìrìn àjò òkè òkun, ó yẹ kí wọ́n ti sọ fún yín ní ọjọ́ 7 ṣáájú. Ti abẹ́lé jẹ́ wákàtí 24. Tí wọn ò bá sọ, gbà-má-bínú tó tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó tíkẹ́ẹ̀tì wà fún ti òkè òkun, ìdá 25 fún ti abẹ́lé. Tó bá jẹ́ ogun tàbí ojú ọjọ́ tó burú ló fà á, gbà-má-bínú yẹn kò sí. Ẹ gbọ́ mi yé o, gbà-má-bínú nìkan ni kò sí. Owó tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, tí wọn ò bá gbé màmá lọ, owó yín ni, àyàfi tí ẹ bá gbà kí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn gbé wọn débẹ̀.

Àkọlé gàdàgbà tí ẹ rí yẹn, pé owó kò ṣeé gbà padà, ẹ̀yin ló ń bá wí, ìyẹn tí ẹ bá yí ọkàn padà. Kò bá wọn wí lọ́jọ́ tí àwọn fúnra wọn bá fagi lé e.

Òfin UK tún wà, UK261. Gbogbo bàálù tó bá gbéra ní UK ló dì mú, ẹni yòówù kó ni ín. Èyí tó bá ń wọ UK láti Èkó, àfi kó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ UK tàbí ti ilẹ̀ Yúróòpù. British Airways àti Virgin Atlantic wà lábẹ́ rẹ̀ ní àlọ àti àbọ̀. Air Peace, tó bẹ̀rẹ̀ sí lọ London ní oṣù Kẹta 2024, àbọ̀ nìkan ló kàn wọ́n, Qatar Airways náà bẹ́ẹ̀. Gbà-má-bínú tiwọn lórí irú ọ̀nà jíjìn yìí lè tó £520. Kódà tí ogun bá mú gbà-má-bínú kúrò, oúnjẹ àti ibi tí màmá máa sùn títí wọ́n á fi gbé wọn, wọn ò lè yẹ̀ ẹ́.

Ọmọ Agbeni

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Tí mo bá wá gbọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta sí ìrìn àjò pé wọ́n ti ojú òfurufú pa, ṣé kí n tètè fagi lé e kí n sì gba owó mi kí èrò tó pọ̀?

Ìyá Bódìjà

Ẹ̀ẹ̀wọ̀! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń mú wa. Tí ẹ bá kọ́kọ́ fagi lé e, ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ ò lọ mọ́, owó ìjìyà máa wọlé. Ẹ ní sùúrù kí àwọn sọ ọ́ lẹ́nu ara wọn.

Ilé iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ ṣe é fún mi rí. Wọ́n fagi lé bàálù, wọ́n fi ímeèlì ránṣẹ́. Bọ́tìnnì aláwọ̀ búlúù ńlá kan ló wà láàárín, pé kí n tẹ̀ ẹ́ láti gba fáúṣà, ìyẹn ìwé tí èèyàn máa fi ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn lọ́wọ́ wọn dípò owó. Mo wo ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ àdírẹ́sì wọn, mo rí gbólóhùn kan ní lẹ́tà wínníwínní: tí o bá fẹ́ owó, tẹ ibí. Òun ni mo tẹ̀. Ó pẹ́ o, mo sì jà, àmọ́ owó ni wọ́n san. Ẹ wo 2020, tí ìjọba ti pápákọ̀ pa ní oṣù Kẹta tí bàálù òkè òkun kò sì padà fò títí di 5 oṣù Kẹsàn-án: àwọn tó tẹ bọ́tìnnì ńlá, fáúṣà tó ní ọjọ́ tó máa kú ni ọ̀pọ̀ wọn gbà.

Ejẹ́ńtì Dùgbẹ̀

Ìyá Bódìjà sọ òótọ́. Mo fẹ́ fi ẹyọ kan kún un. Tí wọ́n bá fẹ́ fi yín sí bàálù mìíràn, ẹ má sáré gbà á kí ẹ tó mọ ibi tó gbà. Tí wọ́n bá ní kí màmá gba Frankfurt tàbí Amsterdam, ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tí ilẹ̀ Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà, ń béèrè físà lọ́wọ́ wọn kódà tí wọn ò jáde nínú pápákọ̀. Ẹ ní kí wọ́n wo ìyẹn kí wọ́n tó tẹ orúkọ wọn síbẹ̀.

Ohun kejì: ẹni tí kò bá yọjú lálọ, wọ́n á pa àbọ̀ rẹ̀ rẹ́.

Ará Mọ́níyà

Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ Doha, ẹ ò sọ̀rọ̀ Kara, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó!

Gbogbo òfin tí Lọ́yà kà sílẹ̀ yẹn, kò sí èyí tó máa gbà yín tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú màmá lórí Long Bridge. Ẹ gbé wọn lọ sí Èkó ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí wọ́n sùn ní Ìkẹjà. Èmi máa ń ní kí èèyàn mi wọ ọkọ̀ ojú irin níbí ní Mọ́níyà, kí wọ́n sọ̀ ní Agége, torí ibẹ̀ sún mọ́ pápákọ̀ ju Ebute Metta lọ. Ẹ wo àkókò tí wọ́n ń gbéra kí ẹ tó rà á.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kí màmá wọ bàálù láti Alákìà, pápákọ̀ Ìbàdàn, dé Èkó láàárọ̀, kí wọ́n wọ ti London lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì náà nìyẹn. Tí ọyẹ́ bá dé tí ojú ọjọ́ ṣókùnkùn, Alákìà ò ní fò, London ò sì ní dúró.

Ọmọ Agbeni

Mo padà pe ejẹ́ńtì yẹn láàárọ̀ yìí. Mo béèrè físà Turkey, ó ní “wọn kì í sábà béèrè.” Mo béèrè iye tí wọ́n ń gbà láti yí ọjọ́ padà, ó ní kí n kọ́kọ́ sanwó ná. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gbé fóònù sílẹ̀.

A ti sọ̀rọ̀ nínú ẹbí. Èyí tó lọ London tààrà la mú, èyí tó ṣeé yí ọjọ́ padà, lórí ìkànnì wọn, a sì fi káàdì san án. Ọkọ àbúrò mi ló fi díẹ̀ kún owó, òun náà ló máa wá pàdé màmá ní Heathrow. Mo ti rí nọ́ńbà 13 náà. Ó ku ọ̀rọ̀ orúnkún o. Ṣé wọ́n máa ń gba owó kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti èèyàn?

Ejẹ́ńtì Dùgbẹ̀

Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi PNR wọlé sórí ìkànnì, tàbí kí ẹ pè wọ́n, ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú. Ẹ sọ pé màmá ò lè gun àtẹ̀gùn, torí ẹni tó kàn ní ìrìn jíjìn ń ni òun lára, ẹnu ọ̀nà bàálù ni wọ́n máa ń sọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ sí. Kí ẹ sì béèrè rẹ̀ fún àbọ̀ náà, kì í ṣe àlọ nìkan.