Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti kàwé láti ilé rí níbí?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Kubwa ní Abuja ni mò ń gbé, mò ń bá wọn taṣọ ní ṣọ́ọ̀bù, aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ti ń jáde, ó sì wù mí kí n padà sílé ìwé, ọdún kẹsàn-án rèé tí èsì WAEC mi ti wà nínú báàgì. Wọ́n ní NOUN, yunifásítì ìjọba tí wọ́n ti ń kàwé láti ilé, ò bèèrè ìdánwò JAMB, orí íntánẹ́ẹ̀tì lèèyàn á ti máa kàwé, TMA, ìyẹn iṣẹ́ àṣetiléwá wọn, ló ni máàkì 30, ìdánwò ló ni 70, Jabi níbí náà sì ni ọ́fíìsì àgbà wọn. Iná àti dátà ló ń bà mí lẹ́rù jù. Fóònù mi kéré, ojú ẹ̀ ti là lápá kan, tí mo bá ṣí PDF lálẹ́ màá máa fi ìka fa lẹ́tà kó lè tóbi, ọmọ mi ọdún mẹ́ta náà á máa fà á gbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, ṣé fóònù nìkan tó àbí dandan ni kọ̀ǹpútà? Ta lẹ máa ń bi tí nǹkan ò bá yé yín? Àbúrò mi ní DLC, ẹ̀ka ìkàwé láti ilé ti Yunifásítì Ìbàdàn, dáa, ṣé màá wá máa ti Abuja lọ ṣèdánwò ni? Ẹ má bínú pé ìbéèrè pọ̀, ó ń jẹ mí lọ́kàn gan-an ni.