Spec tí mo bá ní ọ́fíìsì ṣì ń pe BS 12 àti BS 8110, ẹ gbà mí o

Ọmọ_Sáìtì
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà. Wọ́n ní kí n tún spec (ìwé tó sọ irú ohun èlò àti bí iṣẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ rí) ilé alájà mẹ́ta kan ṣe kí wọ́n tó pe àwọn agbaṣẹ́ṣe. Èyí tí wọ́n gbé fún mi, ara iṣẹ́ àtijọ́ ni wọ́n ti dà á kọ, orúkọ onílé tẹ́lẹ̀ ṣì wà lójú ewé kan. Sìmẹ́ńtì, BS 12 (BS ni ìlànà àwọn òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì). Yanrìn àti gírànáìtì, BS 882. Ródù, BS 4449 grade 460 (nọ́ńbà agbára ródù nìyẹn). Kọnkéré, BS 8110. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, BS 12, 882 àti 8110, wọ́n ti fagi lé gbogbo wọn ní ìlú òyìnbó. Ọ̀gá mi ní kí n kàn kọ "latest edition" sẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, ó tán. Ọkàn mi ò balẹ̀ torí ìwé tí ẹni tó fẹ́ ta ródù fún wa mú wá, B500B ló wà níbẹ̀, kì í ṣe grade 460.

Bàbá_Kọnkéré
Ọmọ mi, má fi "latest edition" sùn o. Latest edition BS 12, ti 1996 ni, ibẹ̀ ló kú sí, BS EN 197-1 ló sì gba ipò ẹ̀, orúkọ wọn ò jọra rárá. BS 882 náà, ti 1992 ló kẹ́yìn, BS EN 12620 ló ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀ báyìí. Agbaṣẹ́ṣe tó bá gbọ́n á ní ìwé yín lòun tẹ̀lé, kò sì parọ́. Kọ nọ́ńbà, kọ ọdún, kí o sì sọ ọ́ níwájú pé èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n fi tender (ìwé iye owó tí agbaṣẹ́ṣe máa gbà) sílẹ̀ lẹ máa lò, tí nǹkan bá yí padà láàárín iṣẹ́ ẹnjiníà ló máa kọ̀wé sí i, kì í ṣe bíríkìlà.

Má gbàgbé tilé wa náà o, NIS (ìlànà Nàìjíríà) 444 fún sìmẹ́ńtì, NIS 87 fún búlọ́ọ̀kù. Ní 2014 SON, àjọ tó ń ṣe ìlànà ní Nàìjíríà, sọ pé sìmẹ́ńtì 32.5 (nọ́ńbà agbára tó wà lára àpò) wà fún rírẹ́ ògiri, 42.5 ni kí wọ́n fi da òpó, bíìmù àti dẹ́kìn kí wọ́n sì fi gún búlọ́ọ̀kù. Kọ 42.5 sínú ẹ̀ gbangba gbàǹgbà. Mo ti dé sáìtì kan rí tí wọ́n ń da òpó lọ́wọ́, mo yí àpò kan padà, 32.5 ni mo rí lára ẹ̀, wọ́n ti pò tó ìdajì, spec tí wọ́n nà sí mi "ordinary Portland cement" nìkan ló kọ. A dá iṣẹ́ dúró lọ́sàn-án gangan.

Wálé_Lọ́ńdọ̀nù
Òótọ́ ni Bàbá sọ. Àmọ́ ẹ má fi find and replace ṣe é o. BS 8110 ti kúrò nílẹ̀ láti March 2010, Eurocode 2 (ìlànà Yúróòpù fún ṣíṣírò kọnkéré) ló gba ipò ẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ BS 8110 ni ẹnjiníà fi ṣírò ilé yẹn tí ìwọ wá kọ Eurocode sínú spec, ìwé méjì á máa bá ara wọn jà lórí ilé kan. Bi í ná. Grade 460 kúrò nínú BS 4449 ní 2005, B500 ló wọlé, ó lágbára jù ú lọ, àmọ́ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí ìyẹn dín iye ródù kù láìbi ẹnjiníà.

Èyí tó ń dùn mí jù ni C25/30, nọ́ńbà agbára kọnkéré. Níbì kan, kúùbù (kọnkéré tí wọ́n dà fún ìdánwò) fọ́ ní 27 lẹ́yìn ọjọ́ 28, wọ́n ní ó ti yege torí wọ́n rí 25. Rárá o! 25 yẹn ti sílíńdà ni, 30 ni ti kúùbù. Kúùbù sì là ń fọ́. Kọ ọ́ sínú ẹ̀ pé kúùbù 30, má fi sílẹ̀ kí wọ́n máa méfò. Eurocode 2 tuntun tiẹ̀ ti jáde ní 2023, nítorí náà kó gbogbo nọ́ńbà sójú ewé kan ṣoṣo níwájú, kó má di pé o ń wá wọn nínú ewé ọgọ́rùn-ún nígbà míì.

Ìyá_QS
Ọmọ mi, yẹ BOQ (ìwé tó to iye ohun èlò àti iṣẹ́) náà wò. Ibẹ̀ ni agbaṣẹ́ṣe ti ń gbé owó lé nǹkan.

Ọmọ_Sáìtì
Ẹ ṣeun gan-an ni o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí BOQ, grade 460 wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àwòrán ẹnjiníà sì kọ 500. Mo ti pe ẹnjiníà, ó ní Eurocode lòun lò. Mo máa gbé e lọ bá ọ̀gá láàárọ̀ ọ̀la.