Ìgbéga, ìgòkè tàbí ìṣípò? Lórí agbo ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́,

Ẹ̀gbọ́n wa dábàá "ìgbéga" (promotion) àti "ìrẹ̀sílẹ̀" (relegation) fún bí àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ṣe ń ti inú agbo ìdíje (conference) kan bọ́ sí òmíràn. Wọ́n ní kí a sì máa pe agbo ọ̀hún ní "àpérò". Ẹ forí jì mí, sà, mi ò lè fara mọ́ ọn.

Ti "àpérò" kò le rárá. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ ní àpérò, wọn kì í gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. "Ẹgbẹ́" náà kò ṣeé lò, torí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ti gbà á. Ṣebí a ń sọ agbo òṣèré, agbo òṣèlú? Ẹ jẹ́ kó jẹ́ agbo. (Kí ẹnikẹ́ni má sì túmọ̀ orúkọ wọn o. Yunifásítì 18 ló wà nínú Big Ten báyìí, Stanford tó wà lápá òkun Pàsífíìkì sì ti wà nínú agbo tó ń fi etí òkun Àtìláńtíìkì jẹ́ orúkọ.)

"Ìgbéga" gan-an ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Ẹni tí wọ́n gbé ga, ẹlòmíràn ló gbé e, bí ọ̀gá ṣe ń gbé òṣìṣẹ́ ga. Nínú líìgì bọ́ọ̀lù, kò sẹ́ni tó ń gbé ẹnikẹ́ni. Nígbà tí 3SC Ìbàdàn já wálẹ̀ ní 2017, tí wọ́n sì tún gòkè ní 2021, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi já, òun náà ni wọ́n fi gòkè. "Ìgòkè" àti "ìjáwálẹ̀" ló yẹ líìgì tó bá ní àkàbà. "Ìrẹ̀sílẹ̀" ní tiẹ̀ ń rùn ìwà ẹ̀dá, kò rùn bọ́ọ̀lù.

Ṣé a wá lè lò wọ́n fún Amẹ́ríkà? Ẹ wo agbo Pac-12. Ní oṣù kẹwàá 2023, Oregon State na UCLA 36 sí 24 nínú bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé. Nígbà tí sáà 2024 fi máa bẹ̀rẹ̀, UCLA ti wà nínú Big Ten, Oregon State ṣì wà lójú kan, òun àti Washington State nìkan, nínú agbo tí àwọn mẹ́wàá yòókù ti bá tiwọn lọ. Kò sí ohun tí eré yẹn ì bá yí padà. Láti 2022 ni UCLA ti kéde pé òun ń lọ. Owó tẹlifíṣàn ló ń fà á. Bí a bá wá kọ ọ́ pé Oregon State "já wálẹ̀", irọ́ la pa mọ́ ọn. Àwọn yòókù ló ṣí, wọ́n sì fi í sílẹ̀.

"Ṣí" ni mo fẹ́ kí a lò: wọ́n ṣí kúrò ní Pac-12, wọ́n dó sí Big Ten. Ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀, ìṣípò, ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Kò sọ pé ibì kan ga ju ibì kan lọ, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ, torí ìpele kan náà ni NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì níbẹ̀, ka agbo méjèèjì sí.

Ẹnì kan lè ní yunifásítì Temple ńkọ́? Agbo Big East yọ wọ́n kúrò nínú bọ́ọ̀lù lẹ́yìn sáà 2004, torí wọn kì í borí, èrò ìwòran wọn kò sì tó nǹkan. Òun ló jọ ìjáwálẹ̀ jù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìbò ni àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dì lé wọn lórí. Vanderbilt pàdánù gbogbo eré mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó gbá ní 2020, SEC, agbo tó wà, kò lé e. Lílé ni wọ́n lé Temple, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù níbẹ̀ tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n máa ṣe é bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, ìgòkè àti ìjáwálẹ̀ ni àwọn ń béèrè. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ méjèèjì pamọ́ fún ẹ̀bẹ̀ wọn.

Yunifásítì Idaho ní tiwọn fúnra wọn kúrò ní FBS, ìpele tó ga jù nínú bọ́ọ̀lù yunifásítì, bọ́ sí FCS, ìpele tó tẹ̀ lé e, ní 2018. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ nìyẹn. Èyí tó ṣì ń dà mí láàmú ni ẹni tó ń ti FCS lọ sí FBS: láti 2023, mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là ló máa san, níbi tó ti jẹ́ 5,000 tẹ́lẹ̀. "Ìgòkè" kò gba owó yẹn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa wá èyí tó máa gbà á.