Iṣẹ́ ọnà ni, kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀nà: èsì lórí "ìfihàn" àti "ìpàtẹ"

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ̀wé láti Ṣábẹ̀ ní kí àwọn àtẹlíyè (ilé iṣẹ́ àwọn ọlọ́nà) tó ń pe èèyàn wá wo iṣẹ́ wọn ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) yé kọ "exposition" ti èdè Faransé sórí ìwé ìpè, kí wọ́n máa kọ "ìfihàn iṣẹ́ ọ̀nà". Wọ́n ní "ìpàtẹ" kò bójú mu, pé ọ̀rọ̀ aláta ni. Mo júbà ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò wọlé sí mi létí rárá.

Ohùn ni kí n kọ́kọ́ mú, nítorí òun ló dùn mí jù. Ọnà, re-do ni. Ọ̀nà, do-do ni. Iṣẹ́ ọ̀nà ni iṣẹ́ àwọn tó ń da ọ̀dà sí títì. Ẹni tó bá gba irú ìwé ìpè bẹ́ẹ̀, katakata ló yẹ kó máa retí! Ọnà tó wà nínú gbẹ́nàgbẹ́nà là ń sọ, ọnà tí àwọn àgbà Kétu fi ń pe ara wọn ní ọlọ́nà. Àwọn kan ti da ìjà álífábẹ́ẹ̀tì pọ̀ mọ́ ọn, pé láti 1975 ɔ là ń kọ ní Bẹ̀nẹ̀, kì í ṣe ọ. Òótọ́ ni. Ẹ kọ ɔnà, ẹ kọ ọnà, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà sí i. Àmì ohùn ni kẹ́ ẹ má ṣì.

Ó ku "ìfihàn". Orúkọ ìwé tó kẹ́yìn nínú Bíbélì nìyẹn. Bí ẹ bá sọ fún ìyá àgbà pé ibi ìfihàn lẹ̀ ń lọ, wòlíì wo ló ríran ni wọ́n máa bi yín. Bí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ dúró sórí "fi hàn" dandan, kí wọ́n mú à-, kí wọ́n fi ì- sílẹ̀. Ì- ló ń dárúkọ ìṣe, à- ló ń dárúkọ ohun tí a ṣe tán: ìkójọ àti àkójọ, ìṣàyàn àti àṣàyàn. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó wà lára ògiri, àfihàn ni. Gbogbo wọn pa pọ̀ bí a ṣe tò wọ́n, ìpàtẹ ni.

Ìtò yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n kò kà sí. Kí iṣẹ́ kan tó dé ògiri, a ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ọdún tí wọ́n ṣe é, ohun tí wọ́n fi ṣe é, gíga rẹ̀ kí ìbú tó tẹ̀ lé e. A ti yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá ó ti bu, nítorí ọ̀rinrin ọ̀sà Àjàṣẹ́ kì í dá bébà sí. Lẹ́yìn náà la óò wọn 150 sẹ̀ǹtímítà láti ilẹ̀ sókè. Ibẹ̀ ni àárín gbogbo iṣẹ́ máa wà, àti ńlá àti kékeré. Bí àwòrán bá ga ní 80, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 40. Bí wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ bá fi 6 rẹlẹ̀ sí etí òkè nígbà tí a bá fà á le, 150 pẹ̀lú 40, ká yọ 6 kúrò: ìṣó á wọlé ní 184. Wáyà iṣẹ́ kan kì í bá ti èkejì dọ́gba, nítorí náà ẹni tó bá gbàgbé láti yọ ti wáyà kúrò, ìlà rẹ̀ á máa lọ sókè sódò bí eyín ayùn. Nínú àwọn ilé àtijọ́ tí àwọn tó ti Bràsílì dé kọ́, amọ̀ ni ògiri, ẹfun ni wọ́n fi rẹ́ ẹ, ìṣó kì í sì dì í mú. Amọ̀ á máa já díẹ̀díẹ̀ títí iṣẹ́ á fi balẹ̀ lóru. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ la máa ń dè mọ́ òkè ògiri, ká tó fi wáyà sọ iṣẹ́ rọ̀ láti ara rẹ̀. Iná gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ̀ láti òkè, bí 30 dígírì sí ìdúró ògiri. Bó bá kọjú sí gíláàsì gbọnrangandan, á máa kọ mànà lójú èèyàn. Bébà àti aṣọ kò gbọdọ̀ gbà ju 50 lux (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀) lọ, àwòrán olóróró lè gba 200.

Aláta tí ẹ̀gbọ́n ń fojú tín-ín-rín, bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó ń to òkìtì tòmátò kó dọ́gba, ó ń yí ojú èyí tó pọ́n síta, ó ń fi àlàfo sílẹ̀ kí ojú lè mú ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Pa àtẹ" ló di ìpàtẹ. Kò sí títà nínú ọ̀rọ̀ náà rárá.

Àbúrò wa obìnrin láti Kétu ní "ìran" ló yẹ ká mú, pé ojú tó wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. Ọ̀rọ̀ náà wú mi lórí, Kétu ló sì ni ín. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti wà lára ohun tí UNESCO bu ọlá fún láti 2001. Ṣùgbọ́n nídìí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èrò dúró, ìran ló ń rìn. Nínú ìpàtẹ, iṣẹ́ dúró, èrò ló ń rìn yí i ká, bí a ṣe ń rìn yí ọjà ká. Àbúrò tún ní "wo ìran" ló di àwòrán. Èyí ò rí bẹ́ẹ̀ létí mi. Òǹwòran parí sí re, àwòrán parí sí mi. Níbo ni ohùn òkè yẹn ti wá? Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Láwal, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà, ní "wò" àti "rántí" ló wà níbẹ̀, ohun tí a ń wò láti fi rántí. Òun ni mo gbà, títí ẹlòmíràn á fi mú ẹ̀rí tó jù ú lọ wá.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, "ìpàtẹ àwòrán" nìkan kò tó. Romuald Hazoumè, ọmọ Àjàṣẹ́ tí wọ́n bí ní 1962, bídọ́ọ̀nù epo bẹntiróòlù ló fi ń ṣe ìbòjú. Ọkọ̀ ojú omi tó fi bídọ́ọ̀nù kàn ló gba ẹ̀bùn Arnold Bode fún un ní documenta 12, ìpàtẹ ńlá kan ní Kassel ní Jámánì, ní 2007. Ta ló máa pe ọkọ̀ ní àwòrán lónìí?

Ẹni tó ń ṣètò rẹ̀ ńkọ́? Kọmisẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é lédè Faransé, orúkọ kan náà pẹ̀lú ọ̀gá ọlọ́pàá. "Olùtọ́jú" tí ẹ̀gbọ́n mú wá jẹ́ ti ẹni tó ń ṣọ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Atòpàtẹ ni tèmi: ẹni tó ń to ìpàtẹ. "Vernissage", bí Faransé ṣe ń pe ọjọ́ tí a ń ṣí ìpàtẹ, jẹ́ ọjọ́ tí àwọn ayàwòrán máa ń fi fáníìṣì kun iṣẹ́ wọn láyé àtijọ́ kí ìpàtẹ tó ṣí. Àwa kì í kun nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ká pè é ní ìṣípàtẹ.

Ẹ̀yin àtẹlíyè, kí ìwé ìpè tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé, ẹ kọ ọ́ báyìí: Ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà. Kí àmì ohùn má sí lórí ọ.