"Ìjẹrà" kò bá iṣẹ́ tí bakitéríà ń ṣe lára oògùn oko mu

Ẹ̀yin ará, ẹ kú làákàyè. Mo ka àbá tó wá lánàá, pé kí a kọ "ìjẹrà oògùn apakòkòrò nípasẹ̀ kòkòrò àìfojúrí" sínú ìwé pélébé àwọn àgbẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá. N kò fara mọ́ ọn.

Ẹ kọ́kọ́ wo "kòkòrò" méjì nínú gbólóhùn kan. Àgbẹ̀ tó bá kà á pé kòkòrò ń jẹ oògùn apakòkòrò, ohun tó máa yé e ni pé oògùn náà kò pa kòkòrò mọ́. Ìdérí méjì tó ń bù sínú táǹkì á di mẹ́rin. Ẹ jẹ́ ká kúkú kọ "bakitéríà".

"Ìjẹrà" ńkọ́? Òkú ló ń jẹrà, èso ló ń jẹrà. Ẹ wo àwọn tó ń ṣe láfún níbí l'Abẹ́òkúta. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á gé e, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ 3 sí 4. Bakitéríà á mú un rọ̀, oró inú rẹ̀ á tú jáde, á bómi lọ, á bá afẹ́fẹ́ lọ. Bí wọ́n bá yọ ọ́ lọ́jọ́ kejì, àárín rẹ̀ ṣì le, oró ṣì kù níbẹ̀. Nígbà tó bá tó, "ó ti rọ̀" ni wọ́n ń wí. Èyí tó bá jẹrà, dídànù ni.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyí: nǹkan méjì ni "ìjẹrà" ń bò mọ́lẹ̀. Ẹ mú atrazine, oògùn apakoríko tí wọ́n ń fín sóko àgbàdo. Bakitéríà kan, Pseudomonas ADP, á kọ́kọ́ yọ klórínì ara rẹ̀, á gé apá méjèèjì tó so mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá já òrùka átọ́ọ̀mù tó wà láàárín rẹ̀, èyí á sì di kábọ́ọ̀nù dàyọ́ksáídì àti amóníà. Náítírójìn ló ń wá. Oúnjẹ ló fi ṣe. Àwọn bakitéríà mìíràn a máa jẹ apá tó gé sílẹ̀. Ìyẹn dà tán. Iprodione, oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó tètè já nínú ilẹ̀, àgàgà ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fín in sí léraléra, ṣùgbọ́n 3,5-dichloroaniline tó ń bọ́ lára rẹ̀ lóró, ó sì ń pẹ́ nílẹ̀. Bí a bá pe méjèèjì ní ìjẹrà, a ti ṣi ẹni tó ń pọn omi kànga lẹ́bàá oko lọ́nà.

Àbá tèmi: "ìyídà" fún èyí tó kàn di nǹkan mìíràn, "ìdàtán" fún èyí tó dà bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú. Ẹnìkan ti ní "dà" lè mú ni rántí dídànù. "Nù" ló ń gbé ìyẹn. Ta ló gbọ́ "oúnjẹ kò dà nínú mi" tó rò pé oúnjẹ ló dà sílẹ̀?

Bàbà inú oògùn búlúù tí wọ́n ń fín sí kókó kò sí nínú méjèèjì. Bakitéríà lè so bàbà mọ́ra, kò lè já a sí wẹ́wẹ́. "Ìkójọ" ni kí a kọ síbẹ̀, torí bí wọ́n ṣe ń fín in lọ́dọọdún ló ń pọ̀ sí i nínú ilẹ̀.